Sertraline àti St John's wort: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò wọ́n pọ̀

Ẹ kú ìfaradà o. Ẹ ní sertraline lẹ ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, pé ẹ ti ka ìwádìí tó ní St John's wort, egbòogi kan tí àwọn èèyàn ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì, náà ń ṣiṣẹ́, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ fi kún un tàbí kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un.

Àbúrò mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń lo oògùn dókítà, ó wá lọ ra egbòogi náà, kò sọ fún ẹnì kankan, torí lójú tirẹ̀, ewé lásán ni. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń làágùn ṣìkìtì, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, kò lè jókòó sójú kan. Gbogbo wa rò pé àìsàn náà ló tún gbé ìṣe rẹ̀ dé. Nọ́ọ̀sì kan ló bi í pé kí ló tún ń lò, ibẹ̀ la ti mọ̀. Oògùn méjèèjì ló ń mú kí serotonin, èròjà kan tó ń gbé ìsọfúnni kiri, pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, bó bá sì pọ̀ jù, ó lè pa èèyàn. Ara rẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá méjèèjì dúró. Bí ẹ bá ti ń lò wọ́n pọ̀, tí ẹ sì rí irú àmì wọ̀nyí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Òótọ́ ni ìwádìí tí ẹ kà o. Ní 2008, Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti gbé e yẹ̀ wò, kó àyẹ̀wò 29 jọ, àwọn aláìsàn inú rẹ̀ lé ní 5,000. Wọ́n rí i pé egbòogi náà sàn ju hóró tí kò ní oògùn nínú lọ, kò sì kẹ̀rẹ̀ sí oògùn ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó ti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì wá ló yọrí sí rere jù. Nínú èyí tí wọ́n ṣe fún èèyàn 340 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 2002, egbòogi náà kò borí hóró òfìfo, sertraline pàápàá kò sì borí rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n pàtàkì tí wọ́n lò. Oje tí wọ́n ti díwọ̀n ni wọ́n sì lò nínú àwọn àyẹ̀wò yìí. Èyí tí ẹ bá rà fúnra yín lè má rí bẹ́ẹ̀.

 

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi ni pé oògùn gidi ni egbòogi. Bí àpẹẹrẹ, wọ́n yọ oògùn kan tó ń jẹ́ reserpine láti ara ewéko Rauwolfia ilẹ̀ Íńdíà, ìbátan asofẹ́yẹjẹ, ní 1952. Wọ́n lò ó fún ìtọ́jú wèrè nígbà kan, ó sì máa ń sọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kalẹ̀. St John's wort tún máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè tú oògùn mìíràn ká: oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, àwọn kan nínú oògùn HIV. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá dá a dúró náà ni agbára yẹn ń tán, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Bó bá wù yín láti pààrọ̀, ẹ sọ fún dókítà tó kọ sertraline fún yín. Ẹ má já a dúró lójijì, torí òòyì àti àìsùn lè tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dín in kù, yóò sì sọ iye ọjọ́ tí ẹ máa fi sinmi láàárín méjèèjì.