Ẹni tí kò lè gbàdúrà mọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run

Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní ìsoríkọ́ ti ń bá yín fínra láti bí ọdún kan, ẹ ò lè gbàdúrà mọ́, ẹnì kan nínú ìjọ sì sọ fún yín pé oògùn tí dókítà kọ fún yín fi hàn pé ìgbàgbọ́ yín kò tó. Ẹ wá ń béèrè bóyá ìrètí ṣì wà fún irú yín. Ó wà. Àìsàn yìí ti gbé èmi náà ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì ṣì ń lo oògùn rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun kan wà tí kò lè dúró. Ẹ ní nígbà míì ó máa ń wù yín kí ẹ sùn kí ẹ má jí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìyẹn fún ẹnì kan lónìí, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ míì bò ó. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín náà. Tó bá ti di pé ẹ ń ro ọ̀nà tí ẹ máa gbà ṣe ara yín léṣe, kí ẹnì kan sìn yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì dá wà kí ẹ tó débẹ̀. Mo ti dé ibẹ̀ rí. Nígbà tí mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu ni ara kọ́kọ́ tù mí, torí èrò yẹn máa ń lágbára sí i tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó wà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Kristẹni tòótọ́ kì í ronú bẹ́ẹ̀. Nínú 1 Àwọn Ọba orí 18, Èlíjà gbàdúrà lórí òkè Kámẹ́lì, iná sì bọ́ látọ̀run. Ní orí 19, wòlíì kan náà ti sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Ta ló máa wá sọ pé ọkùnrin yẹn kò nígbàgbọ́? Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un. Kò bá a wí. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án pé kó dìde jẹun, ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kó jẹun sí i torí pé ọ̀nà jìn fún un. Lẹ́yìn oorun àti oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó kù tó wáyé, Ọlọ́run sì fún un ní Èlíṣà tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí orí yìí ni mo ṣe ka oorun àti oúnjẹ mọ́ ìjọsìn mi nígbà tí ara mi kò bá yá. Tí wọ́n bá kéde àwẹ̀, ẹ bi dókítà yín ná.

Ní ti oògùn, Pọ́ọ̀lù tí Ọlọ́run lò láti wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn kò sọ fún Tímótì pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré tí inú fi ń dà á láàmú. Ó ní kó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí àìlera rẹ̀ (1 Tímótì 5:23). Ó sì pe Lúùkù ní oníṣègùn olùfẹ́. Ẹ lo tiyín bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Oògùn ìsoríkọ́ sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó fi ara hàn, ẹ má sì dá a dúró lójijì fúnra yín nítorí ẹ̀rí tí ẹ fẹ́ jẹ́ níwájú ìjọ.

Ọ̀rọ̀ àdúrà gan-an ló jẹ mí lógún jù. Nígbà tí tèmi le, ẹnu mi kì í gbé ju “Olúwa, ṣàánú” lọ, ọjọ́ míì kì í tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ohun tó gbé mi ró nígbà yẹn wà nínú Máàkù orí 2. Èèyàn mẹ́rin gbé arọ kan wá sọ́dọ̀ Jésù, wọn ò rí ọ̀nà wọlé, wọ́n bá dá òrùlé lu, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Bíbélì ní nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn, ó bá arọ náà sọ̀rọ̀. Máàkù kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ pé ọkùnrin náà sọ. Wọ́n gbé e débẹ̀ ni. Mo ka ibẹ̀ tán, mo pe tọkọtaya kan nínú ìjọ mi, mo sọ fún wọn pé mi ò lè gbàdúrà fúnra mi mọ́, kí wọ́n máa bá mi gbà á. Wọ́n máa ń pè mí lálẹ́, wọ́n á gbàdúrà kúkúrú, wọn kì í retí pé kí n ṣe àmín. Ìyàwó sì máa ń tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ fara balẹ̀ yan irú ẹni bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tí kì í tètè ríran sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, tí àṣírí kì í já lẹ́nu rẹ̀, tó lè jókòó tì yín láìsọ nǹkan kan. Kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ pàtó, irú bíi pé kó máa pè yín ní alẹ́ ọjọ́ báyìí.

Jésù fúnra rẹ̀ béèrè irú nǹkan yìí. Ní Gẹtisémánì, ó sọ fún mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé ọkàn òun bàjẹ́ gidigidi títí dé ikú, ó ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n bá òun ṣọ́nà (Mátíù 26:38). Pọ́ọ̀lù náà jẹ́ káwọn ará Kọ́ríńtì mọ̀ pé ẹrù tó wà lórí òun ní Éṣíà pọ̀ débi pé ẹ̀mí ara òun sú òun, ó sì ní àdúrà tiwọn ń ran òun lọ́wọ́. Ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn, William Cowper, tó kọ orin ìsìn tí àwọn ìjọ ṣì ń kọ títí dòní, ní irú àìsàn yìí lọ́nà tó le gan-an. John Newton tó jẹ́ àlùfáà gbà á sílé ju ọdún kan lọ. Àìsàn Cowper kò tán pátápátá títí tó fi kú ní 1800, orin rẹ̀ ṣì ń gbé ẹlòmíì ró.

Tí ẹ bá wá fẹ́ ka nǹkan, ẹ ka Sáàmù 88. Òkùnkùn ló fi parí, kò sí ìyìn níkẹyìn rẹ̀, síbẹ̀ Ọlọ́run ìgbàlà rẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ ń ké pè. Òun ni mo máa ń kà nígbà tí orin ọpẹ́ kò bá jáde lẹ́nu mi.

Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ yẹn, ẹ má bá a jiyàn, agbára yín kò tó ìyẹn báyìí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé olórí ìjọ ló ní kí ẹ da oògùn nù, ẹ wá ìjọ míì. Tí ìsìn bá sì gùn jù fún yín, ẹ jókòó sẹ́yìn, kí ẹ máa lọ nígbà tó bá tó yín. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, pásítọ̀ mi sì mọ ìdí rẹ̀ torí mo ti sọ fún un.