Ẹ wo ọ́ìlì yín kí ẹ tó ra pléètì kílọ́ọ̀ṣì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bajaj Boxer ni mo fi ń gbé èrò ní Òmù-Àrán àti ìgbèríko rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí mo ti yí ọ́ìlì, bí mo bá gbé èrò méjì gun òkè, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọ̀kadà ò sì ní fà. Ọ́ìlì mọ́tò olówó ńlá ni mo rà sí i o. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra pléètì. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn ọ̀kadà ńláńlá òkè òkun kì í lo kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì, pé gbígbẹ ló dáa jù. Ṣé wọ́n lè bá mi yí tèmi sí gbígbẹ?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra pléètì. Ọjọ́ tí ẹ yí ọ́ìlì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá a.

Kílọ́ọ̀ṣì ló ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, òun náà ló ń já a. Inú ọ́ìlì ni ti Boxer ń gbé, bíi ti Honda CG125. Pléètì tín-ín-rín ni wọ́n tò léra wọn, ọ̀kan onírin, ọ̀kan tó ní láínìn tó ń di onírin mú, sípíríǹgì wá fún wọn pọ̀. Ọ́ìlì tó ń rin ẹ́ńjìnnì àti gíà náà ló ń mú ooru kúrò lára wọn. Ti mọ́tò onígíà kò rí bẹ́ẹ̀: pléètì ńlá kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní, ìta ẹ́ńjìnnì ló wà, ọ́ìlì ò sì gbọdọ̀ kàn án. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe ọ́ìlì mọ́tò lè po èròjà tó ń mú nǹkan yọ̀ mọ́ ọn kí mọ́tò má baà jẹ epo púpọ̀. Ohun tó ṣe mọ́tò lóore yìí ni kì í jẹ́ kí pléètì yín di ara wọn mú. Nínú àwọn ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́, bíi 0W-20 àti 5W-30, la ti sábà máa ń bá a.

Ẹ yí ẹ̀yìn agolo wò. JASO MA tàbí MA2, àmì àwọn ará Japan fún ọ́ìlì ọ̀kadà, ni ti ọ̀kadà yín; 20W-50 tó ní àmì yìí dáa fún Boxer nínú ooru tiwa níbí. MB kì í ṣe tiyín, ti sikútà tí kò ní gíà ni, torí kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ gbẹ. Bí ẹ bá rí "Energy Conserving" tàbí "Resource Conserving" nísàlẹ̀ àmì róbótó API (àjọ elépo Amẹ́ríkà), ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, ẹ tú èyí tó wà níbẹ̀ dànù tán, kí ẹ bu tuntun dé ojú àmì. Ẹ tún wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ dẹ̀ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan. Ti CG125 jẹ́ mìlímítà 10 sí 20 ní ṣóńṣó rẹ̀. Bí wáyà bá le gbagidi, sípíríǹgì ò ní lè fún pléètì tán, á sì máa yọ̀ bí ọ́ìlì tiẹ̀ dáa. Àtúnṣe yìí ò gba kọ́bọ̀, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Ẹ gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá ṣì ń yọ̀, ẹ wá ṣí i, lápá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì. Pléètì onírin tó ti di aláwọ̀ búlúù ti jóná. Ẹ tẹ́ èyí tó kù sórí gíláàsì: èyí tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa ti wọ́. Ẹ fi gígùn sípíríǹgì wé tuntun. Bí ọ̀kan bá ti kúrú, gbogbo wọn ni kí ẹ pààrọ̀. Pléètì tuntun tó ní láínìn gbọ́dọ̀ sun inú ọ́ìlì mọ́jú, torí bí ẹ bá dè é ní gbígbẹ, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gùn ún ló máa jó. Ẹ máa de bọ́ọ̀tì sípíríǹgì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fo láti ọ̀kan sí èyí tó kọjú sí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ lò.

Ọ̀rẹ́ yín ò purọ́. Kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kì í jẹ́ kí ọ́ìlì fa ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, ìdọ̀tí láínìn kì í sì í wọnú ọ́ìlì. Ducati, ilé iṣẹ́ ọ̀kadà ní Ítálì, lò ó pẹ́. Àmọ́ ó máa ń pariwo gbaragbara bí ẹ bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì máa ń gbóná kíákíá nínú gósíló, torí kò sí ọ́ìlì tó máa tù ú. Ducati fúnra wọn fi ti inú ọ́ìlì sínú 1199 Panigale ní 2012, BMW náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún R1200GS ní 2013. Ẹni tó ń dúró gbé èrò ní gbogbo ìkóríta, tó tún ń fi èrò méjì gun òkè, ti inú ọ́ìlì gan-an ló bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ má yí i. Bí ẹ bá dúró lójú òkè, bíréèkì ni kí ẹ fi dá a dúró. Ẹ má fi kílọ́ọ̀ṣì ààbọ̀ gbé e ró.

Ìbéèrè: Láàárọ̀ ọyẹ́ nílùú Ìlọrin, mo máa ń di kílọ́ọ̀ṣì mú, ọ̀kadà á ṣì fò síwájú bí mo bá ti wọ gíà kìíní. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Òtútù ti mú ọ́ìlì ki, pléètì sì lẹ̀ mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ní fírì fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ pa á, ẹ wọ gíà kejì, ẹ di kílọ́ọ̀ṣì mú, kí ẹ ti ọ̀kadà síwá-sẹ́yìn títí pléètì á fi já kúrò lára ara wọn, ẹ wá tún un tan. Bó bá ń ṣe é nígbà tó ti gbóná, wáyà ti dẹ̀ jù, tàbí kí pléètì ti gbẹ́ ihò sára ilé kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn agbọ̀n tí wọ́n jókòó sí. Èyí tí kò jìn, ẹ fi fáìlì rẹ́ ẹ. Èyí tó jìn, ẹ pààrọ̀ ilé náà.