Èsì: Oyin ò tíì wọ àpótí yín

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹ gbé àpótí oyin sí oko kajú, síbẹ̀ kòkòrò oyin ò wọ̀ ọ́. Ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ yọ́ ìda oyin gidi, kí ẹ fi pa abẹ́ àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo orí àpótí náà. Òórùn yẹn ló ń pè wọ́n. Kí fífẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 32, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á so àwọn afárá oyin mọ́ra wọn. Ẹ fi gírísì pa ẹsẹ̀ àpótí náà, kí ìjàlọ má bàa gùn ún. Ìjàlọ burú! Wọ́n lè lé gbogbo oyin lọ lóru ọjọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé oyin, afárá tí wọ́n ti fi ìda dé lójú ni kí ẹ mú. Omi pọ̀ nínú oyin èyí tó ṣì ṣí, á sì kan tó bá yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun àwọn kòkòrò oyin náà níná, èéfín díẹ̀ nírọ̀lẹ́ ti tó.