Bàálù Hōshō mi kì í pẹ́ tán: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. World of Warships, géèmù ogun ojú omi, ni mò ń gbá lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gba Hōshō, ọkọ̀ agbébàálù ilẹ̀ Jàpáánì tó wà ní Tier 4, ìyẹn ìpele kẹrin. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, bàálù mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n á tún wá bá ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ níbi tó wà, wọ́n á sì rì í. Ọ̀rẹ́ mi ní ọkọ̀ àtijọ́ tí kò wúlò ni, pé kí n padà sídìí battleship, ọkọ̀ ogun ńlá oníbọn. Ṣé bó ṣe rí láyé nìyẹn, àbí àwọn tó ṣe géèmù ló sọ ọ́ di ọ̀lẹ? Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì padà sídìí battleship. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ èèyàn ní géèmù yìí, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nídìí Hōshō. Àṣìṣe kan náà ni mo máa ń bá lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á: wọ́n ń fi bàálù ṣe ọta. Ẹni tó ti ìdí battleship wá ti mọ̀ pé bí ọta bá ti jáde lẹ́nu ìbọn, ó lọ nìyẹn, òmíràn ń bọ̀. Bàálù kì í ṣe ọta. Ìwọ̀nba ni Hōshō ní. Èyí tó bá já, géèmù á máa pèsè òmíràn dípò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìpèsè náà lọ́ra, ogun kò sì ní dúró dè ọ́. Ohun tí o ní láti kọ́ ni bí bàálù ṣe ń padà sílé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti ayé ná, torí pé ohun tó ń dà ọ́ láàmú nínú géèmù gan-an ló da àwọn tó kan ọkọ̀ náà láàmú. Oṣù Kejìlá ọdún 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án ní ilé iṣẹ́ Asano ní Tsurumi, nílùú Yokohama. Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1922 ni àwọn ológun ojú omi Jàpáánì gbà á síṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ agbébàálù tó ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí wọn padà: Argus ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ èrò ni ì bá jẹ́, Langley ti Amẹ́ríkà, èédú ló ń rù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ Hermes, tí wọ́n dìídì ń kàn nítorí bàálù, láti ọdún 1918, ṣùgbọ́n Hōshō ló kọ́kọ́ parí. Nínú gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n torí bàálù kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ wọṣẹ́ láyé. Langley àti Hermes yẹn náà ló wà ní Tier 4 pẹ̀lú rẹ nínú géèmù, nítorí náà ojúgbà rẹ̀ ni wọ́n fi tì í lóòótọ́.

Kò tóbi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 168, eré rẹ̀ kò ju knot 25 lọ (bíi kìlómítà 46 ní wákàtí kan), bí 15 sì ni bàálù tí wọ́n ṣètò pé kí ó máa gbé. Gbígbéra kọ́ ló le fún wọn. Bàálù ìgbà náà fúyẹ́. Bí ọkọ̀ bá kọjú sí atẹ́gùn tó sì sáré, bàálù á gbéra. Bíbà padà sórí ọkọ̀ tó ń lọ, tí ìgbì sì ń gbé sókè sódò, ni wàhálà wà. Oṣù Kejì ọdún 1923 ni William Jordan, awakọ̀ bàálù ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá Mitsubishi ṣiṣẹ́, kọ́kọ́ bà sórí rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Shun'ichi Kira, ológun ojú omi ọmọ Jàpáánì, ṣe tirẹ̀.

Fojú inú wo ohun tí wọ́n ń rí láti òkè. Pápá kan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 22, ilé kékeré tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀pó èéfín mẹ́ta tò sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti ṣe ọ̀pó èéfín yẹn kí ó ṣeé dà dùbúlẹ̀ síta nígbà tí bàálù bá ń bọ̀. Ilé ìdarí ni kò ṣeé dà. Ó dí àwọn awakọ̀ lọ́nà débi pé lọ́dún 1924 wọ́n wó o kúrò pátápátá, orí ọkọ̀ wá tẹ́ pẹrẹsẹ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n wó ibi tí ọ̀gá ọkọ̀ ti ń pàṣẹ, kí bàálù lè rí ibi bà sí! Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀, òun ni mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá gba ọkọ̀ yìí.

Nínú géèmù, ìwọ kọ́ ló ń ba bàálù. Ṣáájú oṣù Kìíní ọdún 2019, òkè máàpù lèèyàn ti máa ń darí gbogbo ọ̀wọ́ bàálù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yí i padà, ọ̀wọ́ kan ṣoṣo lò ń bá jáde, bí o bá sì tẹ bọ́tìnnì F, wọ́n á fúnra wọn fò lọ sílé. Nítorí pé a kì í rí ìbà yẹn lójú, a máa ń gbàgbé pé ó wà. Ibẹ̀ ni bàálù rẹ ti ń tán.

Wo ìbọn tí ọkọ̀ fi ń já bàálù. Oríṣi méjì ni. Èkíní ni èéfín dúdú tó ń bú gbàmù níwájú rẹ lófuurufú. Ìyẹn ṣeé yẹ̀: fi W mú eré pọ̀ sí i tàbí kí o fi S dín in kù, kí o sì máa yà sọ́tùn-ún, yà sósì. Èkejì kò ní èéfín tí wàá yẹ̀. Bí bàálù bá ti wọ àyíká ọkọ̀ náà, ńṣe ni yóò máa jẹ ẹ̀mí wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí o lè ṣe ni kí o má pẹ́ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ mẹ́ta bá wà lójú kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹ ọ́ pa pọ̀. Ẹni tí bàálù rẹ̀ ń tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún, àárín èrò ló ń wọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àmì pupa pọ̀ sí lórí máàpù. Wá ẹyọ kan tó dá rìn. Ó máa ń wà: battleship tó lọ́ra tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi sílẹ̀, tàbí cruiser, ọkọ̀ ogun tó kéré sí battleship, tó dá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn erékùṣù.

Ká ní o ti wá rí battleship kan bẹ́ẹ̀, tó ń lọ láti òsì rẹ sí ọ̀tún. Tọ́pídò ni kí o gbé lọ. Má gba ẹ̀yìn rẹ̀. Tọ́pídò tó ń lé ọkọ̀ láti ẹ̀yìn máa ń pẹ́ kó tó bá a, ibi tó tóóró jù lára rẹ̀ ló sì dojú kọ. Yí ká lọ sí ẹ̀gbẹ́ iwájú rẹ̀ nígbà tí ìbọn rẹ̀ kò tíì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Kọ imú bàálù sí ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ, má kọ ọ́ sí ibi tó wà, kí o wá bẹ̀rẹ̀ ìkọlù. Àmì kan á yọ lójú omi tó ṣí bí abẹ̀bẹ̀. Ibí ni ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í ti í balẹ̀: wọ́n á máa ti máòsì lọ, wọ́n á máa fà á bọ̀, abẹ̀bẹ̀ yẹn á sì máa fẹ̀ sí i, tọ́pídò á fọ́n káàkiri. Gbé ọwọ́ rẹ sójú kan. Bí bàálù bá ń lọ tààrà, abẹ̀bẹ̀ á máa pa dé. Ìgbà tó bá pa dé tán ni kí o tẹ̀ ẹ́. Má sì jẹ́ kó sún mọ́ jù. Tọ́pídò gbọ́dọ̀ rìn díẹ̀ nínú omi kó tó lè bú. Èyí tí o bá jù sí abẹ́ ìhà ọkọ̀ gan-an, á kàn án gbàgà bí ìtì igi ni, kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Bí o bá ti jù ú, àwọn bàálù tó jù ú á gòkè, wọ́n á máa lọ sílé fúnra wọn. Àwọn yòókù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á yí padà lójú ẹsẹ̀ sínú ìbọn kan náà. Wo ẹ̀mí bàálù tó kù ná. Bí ó bá ṣì pọ̀, tí ọkọ̀ ọ̀tá náà sì ṣì dá wà, kọ́kọ́ fò jáde kúrò lábẹ́ ìbọn rẹ̀, kí o tún ara ṣe, kí o tó padà wọlé. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, gbé wọn jáde, kí o tẹ F. Má tẹ F láàárín ìbọn kí o sì rò pé wọ́n ti bọ́: ìbọn ṣì ń bà wọ́n bí wọ́n ṣe ń gòkè lọ.

Bí o bá sì mọ̀ pé ibi tí ò ń lọ gbóná, ọgbọ́n kan wà tí kì í wù èèyàn lójú àkọ́kọ́. Ju tọ́pídò ẹ̀ẹ̀kan sínú omi lásán nígbà tí o ṣì sún mọ́ ọkọ̀ rẹ. Àwọn bàálù tó jù ú á padà sílé pẹ̀lú ẹ̀mí wọn pé, ìwọ á sì fi àwọn tó kù ṣe ìkọlù kan ṣoṣo tí o máa ṣe níbẹ̀. Kàkà kí gbogbo wọn kú sí ìrìn àjò kan, ìdajì ti wà nílé tí wàá fi jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, o ń gbàgbé rẹ̀ ni. Ojú rẹ wà lára bàálù, ọkọ̀ ń dúró gbagidi níbi tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, destroyer kan, ọkọ̀ ogun kékeré tó yára, á yọ́ wá bá a. Kí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tó gbéra, ṣí máàpù, sàmì ọ̀nà sí i fún un kí ó máa rìn lẹ́yìn erékùṣù, lẹ́yìn àwọn battleship yín, kì í ṣe ní igun máàpù níbi tí bàálù á ti rìn jìnnà kó tó débi iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe lò ó láyé náà nìyẹn. Nígbà ogun Midway láàárín Jàpáánì àti Amẹ́ríkà, lóṣù Kẹfà ọdún 1942, ọ̀dọ̀ àwọn battleship ọ̀gágun Yamamoto lẹ́yìn ló wà, pẹ̀lú bàálù B4Y mẹ́jọ péré, oníyẹ̀ẹ́ méjì, tí ìgbà ti kọjá lórí wọn. Iṣẹ́ ìṣọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ló rí Hiryū, ọkọ̀ agbébàálù Jàpáánì, tó ń jóná tó sì ya fọ́tò rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: bí o kò bá tilẹ̀ rí ẹni kọlù, fi bàálù rẹ wá destroyer ọ̀tá kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lè rí i yìnbọn sí.

Bí o bá ń gbá a láti Nàìjíríà, kíyè sí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ pẹ̀lú. Sáfà tó sún mọ́ wa jù, Yúróòpù ló wà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, tọ́pídò á jáde lẹ́yìn ìgbà tí o tẹ̀ ẹ́, nítorí náà, fi kún bí o ṣe ń nàgà síwájú ọkọ̀ ọ̀tá.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́ pé ọkọ̀ àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n àtijọ́ yẹn la ogun já. Akagi, Kaga, Sōryū àti Hiryū, ọkọ̀ agbébàálù Jàpáánì mẹ́rin, rì ní Midway, Hōshō padà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ó ń lọ kó àwọn ọmọ Jàpáánì tó há sí ilẹ̀ òkèèrè wálé, bí 40,000 èèyàn, kí wọ́n tó tú u palẹ̀ ní Osaka láàárín 1946 sí 1947.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Gbá a ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ní Co-op, kí o tó padà sáàárín èèyàn. Fi bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọọ̀dù. Bí ọ̀wọ́ kan bá ti jáde, kọ iye tó lọ. Bí ó bá padà, kọ iye tó bọ̀. Má ka iye ọkọ̀ tí o rì rárá. Nígbà tí iye tó bọ̀ bá ti ń ju ìdajì iye tó lọ nínú ọ̀pọ̀ ìrìn àjò rẹ, o lè máa lọ sí Ryūjō ní Tier 6. Bí kò bá sì yí padà lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, fi fáìlì replay (àkọsílẹ̀ ìjà tí a lè tún wò) ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tó burú jù nínú wọn, ká jọ wò ó.