Kí ni rọ́bà ń wá nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Wọ́n ń bá bàbá mi fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín, dókítà sì ní iṣan apá wọn tín-ín-rín jù. Mo kà á pé wọ́n ti ń fi purotéènì ṣe iṣan tuntun, àmọ́ wọ́n tún ń fi rọ́bà sí i. Kí ni rọ́bà ń wá níbẹ̀? Ṣé kò ní há sí wọn lára? Ṣé ká dúró dè é?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà.

Kọ́lájìn ni purotéènì tí wọ́n máa ń lò jù. Òun ni purotéènì tó pọ̀ jù nínú awọ màlúù, òun ló sì mú kí pọ̀nmọ́ le lẹ́nu. Sẹ́ẹ̀lì ara mọ̀ ọ́n, wọ́n á dì mọ́ ọn, wọ́n á sì máa pọ̀ sí i lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti yọ́ ọ, tí wọ́n tún dà á kó dì, rírọ̀ ló máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bí okun rẹ̀ ṣe lọ́ mọ́ra nínú awọ ti tú.

Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú iṣan. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le jẹ́ nǹkan bí 120 mmHg lókè, iṣan ẹsẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń yọ fi ṣe àrọ́pò sì lè gba nǹkan bí 1,600 kó tó bẹ́. Ní 1986, àwọn olùwádìí méjì, Weinberg àti Bell, ní Amẹ́ríkà fi kọ́lájìn àti sẹ́ẹ̀lì màlúù ṣe iṣan. Àfi ìgbà tí wọ́n fi àwọ̀n Dacron há a láàárín ló tó rí agbára dúró. Dacron yìí, pọ́lísítà aṣọ náà ni.

Ohun tí ẹ pè ní rọ́bà yẹn là ń pè ní pọ́límà, irú Dacron yìí; agbára ló ń fún iṣan náà. Dacron kì í yọ́, ibẹ̀ ló máa wà. Polycaprolactone, pọ́límà mìíràn tí wọ́n ń ran tín-ín-rín ju irun orí lọ, máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Polyglycolic acid kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí agbára rẹ̀ tó lọ. Lójú tèmi, àsìkò tí pọ́límà fi ń yọ́ yìí gan-an ni iṣẹ́ wà, ó ju líle lọ. Bí pọ́límà bá tètè lọ kí sẹ́ẹ̀lì tó hun kọ́lájìn tiwọn, iṣan á wú, ó sì lè bẹ́. Bí ó bá sì gan jù, ojú ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ iṣan ara á máa hu ẹran sínú, títí ọ̀nà á fi dí.

Ẹ má dúró o. Lóòótọ́, ní December 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Symvess, iṣan tí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn hun sórí polyglycolic acid, tí wọ́n wá fọ sẹ́ẹ̀lì náà kúrò. Ìpalára iṣan àlọ apá tàbí ẹsẹ̀ àgbàlagbà ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, kì í ṣe ìfọ̀jẹ̀. Ìkìlọ̀ pé ó lè bẹ́ sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ ìyàwòrán wo iṣan òkè apá bàbá àti ti apá kejì, nítorí iṣan ara wọn ló dára jù bó bá ṣeé lò. Kí ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí omi tàbí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gún apá tí wọ́n fẹ́ lò fún ìfọ̀jẹ̀.