Èsì: Abẹ́rẹ́ HPV kì í sọ ọmọ di àgàn

Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni wọ́n pa fún yín lọ́jà Sábó pé abẹ́rẹ́ HPV ń sọ ọmọ di àgàn. Abẹ́rẹ́ yìí, tó ń dènà HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, kò ní sọ ọmọ yín di àgàn, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 láti ọdún 2023, ẹ̀ẹ̀kan péré. Apá ni wọ́n ń gún un sí; ó lè máa ro ó díẹ̀.

Kó gbà á kó tó mọ ọkùnrin o, torí abẹ́rẹ́ náà kì í wo kòkòrò tó bá ti wọ ara sàn. Ìbálòpọ̀ ni wọ́n fi ń kó kòkòrò yìí, ẹni tó ní i kì í sábà mọ̀. Irú HPV tí wọ́n ń pè ní 16 àti 18 ló ń fa bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ.

Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ.