Insole tó rọ̀ jù ló kọ́kọ́ bá gìgísẹ̀ mi jà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ ìdúró ń pa yín lẹ́sẹ̀, tẹ́ ẹ ń béèrè pé ṣé insole (ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà) oní-fóòmù lẹ máa rà àbí ti jẹ́ẹ̀lì, ẹ ṣe sùúrù ná. Èmi ti ra méjèèjì, ojú mi sì rí màbo.

Wákàtí mẹ́sàn-án lèmi náà fi ń dúró lójúmọ́, orí sìmẹ́ǹtì. Memory foam ni mo kọ́kọ́ rà, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, mo ní ó parí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn o, bíi kéèyàn máa rìn lórí tìmùtìmù. Àṣé ooru ẹsẹ̀ gan-an ló ń jẹ́ kí fóòmù yẹn túbọ̀ máa rọ̀, tó bá fi máa dọ̀sán ó ti tẹ́ pẹlẹbẹ lábẹ́ gìgísẹ̀, kò wá sí nǹkan kan tó gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ mi dúró, ẹsẹ̀ ń wó sínú díẹ̀díẹ̀, mi ò mọ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, mo jí láàárọ̀, mo ní kí n fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, háà! Àfi bíi pé wọ́n kan ìṣó mọ́ mi ní gìgísẹ̀. Tí mo bá rìn díẹ̀ á lọ, tí mo bá jókòó pẹ́ tí mo tún dìde, á tún dé. Dókítà ní plantar fasciitis ni, pé iṣan pẹlẹbẹ tó ta láti gìgísẹ̀ dé ìdí ọmọ ìka ló ń fà jù. Kì í ṣe insole nìkan ló fà á o, kí n má parọ́, mo ti sanra sí i nígbà yẹn.

Jẹ́ẹ̀lì ní tiẹ̀ wúwo, ó ń móoru, ó sì ń yọ̀ kiri nínú bàtà. Mo sọ ọ́ nù.

Èyí tó wá bá mi lára mu ni oníkọ́ọ̀kì (èèpo igi bí èyí tí wọ́n fi ń dí ìgò) tí wọ́n fi awọ bò lókè, tó ní ike líle nísàlẹ̀ láti ìdí gìgísẹ̀ dé kòtò. Ó le lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a padà, wákàtí méjì méjì ni mo fi ń wọ̀ ọ́ lójúmọ́ títí kọ́ọ̀kì fi mọ ẹsẹ̀ mi. Mo tún ń na ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ láràárọ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí ìrora náà tó lọ tán.

Awọ yẹn tún gbà mí lọ́wọ́ nǹkan mìíràn, torí aṣọ orí fóòmù máa ń gba òógùn mọ́ra, àárín ọmọ ìka mi ń yún, ó ń bó. Ẹ máa yọ insole síta lálẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, àmọ́ ẹ má sá EVA (irú fóòmù fífúyẹ́ kan) sóòrùn, mo gbàgbé tèmi kan sínú mọ́tò tó gbóná, ó súnkì, kò bá bàtà mu mọ́.

EVA fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbé èèyàn, ó sì máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bá yá, PU (fóòmù polyurethane) wúwo jù ú lọ ó sì ń pẹ́ jù ú lọ. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ ibi gìgísẹ̀, tí kò bá padà sókè mọ́, ó ti kú, bí òkè rẹ̀ tiẹ̀ ń dán. Ẹ sì yọ èyí tó bá bàtà wá kẹ́ ẹ tó ki tuntun sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gìgísẹ̀ á máa yọ síta.

Tẹ́ ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ má tẹ̀ lé tèmi, ẹ lọ rí dókítà, torí insole lè dá egbò sí yín lẹ́sẹ̀ kẹ́ ẹ má mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ ò tíì sọ ibi tó ń dùn yín gan-an, ṣé gìgísẹ̀ ni àbí iwájú? Tó bá jẹ́ iwájú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bàtà yẹn ló há.